Alárinà ni Ijó nínú Ìwé Ìtàn Àwọn Òyìnbó Àtijọ́

Àbúrò kan tó ń múra ìdánwò lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bi mí léèrè pé: "Ẹ̀yin Tíṣà, kí ló dé tí ijó fi pọ̀ tó báyìí nínú ìwé ìtàn àwọn Òyìnbó àtijọ́? Olóòtú ètò kan lórí rédíò ní nítorí pé kò sí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà ni, pé àwọn olówó kàn ń fi najú ni." Inú bí mi. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé wọ̀nyí, mi ò lè máa wòran kí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ máa ràn kálẹ̀.

Àbúrò mi, alárinà ni ijó nínú ìwé wọ̀nyẹn. Ẹni tí kò bá mọ èyí, bó ka ìwé Jane Austen, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìtàn àròsọ, lẹ́ẹ̀mẹwàá, èèpo ọsàn ló ń jẹ.

Wo bí ayé wọn ṣe rí ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ọmọbìnrin ilé ire tí kò tíì lọ́kọ kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọkùnrin nínú yàrá. Kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà sí i, àfi tí wọ́n bá ti fẹ́ra sọ́nà. Kò sì síṣẹ́ tó lè ṣe tí àbùkù ò ní kàn án; ọ̀dọ̀ ọkọ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Nínú Pride and Prejudice, ìwé Austen tó jáde ní 1813, ọmọbìnrin márùn-ún ni wọ́n bí nílé Bennet, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí bàbá wọn bá kú ni ilé àti ilẹ̀ yóò di ti Collins, ìbátan wọn ọkùnrin. Níbo wá ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ò ní gbọ́? Ojú agbo ijó ni.

Ijó wọn kì í ṣe irú èyí tí kálukú ń dá jó tiẹ̀. Àwọn ọkùnrin á tò sí ìlà kan, àwọn obìnrin á tò sí ìlà kejì, wọ́n á kọjú síra wọn. Tó bá kan àwọn méjì kan, wọ́n á dira wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á gba àárín lọ. Tí kò bá tíì kàn wọ́n, ìdúró ni, ọ̀rọ̀ ni. Ohùn gòjé ń bo ohùn wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára wọn. Ijó méjì tó tẹ̀ léra ni ọkùnrin kan àti obìnrin kan máa ń jó pọ̀. Elizabeth, ọmọ Bennet kejì, fúnra rẹ̀ sọ fún Darcy, ọ̀dọ́kùnrin olówó kan tó ń bá a jó, pé yóò rí bákan tí àwọn bá dákẹ́ síra wọn fún ààbọ̀ wákàtí gbáko.

Mo ṣe é wò nínú kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo to àwọn ọmọkùnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo to àwọn ọmọbìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ní kí àwọn méjì tó kọjú síra máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí àwọn yòókù máa wò wọ́n. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí òógùn fi bo iwájú orí ọmọkùnrin náà, tí ọmọbìnrin fi ìwé àjákọ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, n kò tún ṣàlàyé kankan fún kíláàsì yẹn mọ́.

Ìyá àwọn ọmọ Bennet gan-an ni kí o wò. Bí wọ́n ṣe ti ibi ijó Meryton dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún ọkọ rẹ̀: ọmọbìnrin ilé Lucas ni Bingley, ọ̀dọ́kùnrin olówó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wọn, kọ́kọ́ mú jó, Jane, àkọ́bí Bennet, ló ṣìkejì, ọmọbìnrin ilé King ìkẹta, Maria Lucas ìkẹrin, Jane lẹ́ẹ̀kan sí i ìkarùn-ún, Lizzy, ìyẹn Elizabeth, ìkẹfà. Ọ̀rọ̀ náà sú bàbá, ó ní ì bá ṣe pé Bingley ti fẹsẹ̀ rọ́ níbi ijó àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín níbí, mo sì máa ń dá wọn lẹ́kun. Ìyá tó ń ka ijó bí ẹni ń ka ẹrù ìdána mọ ohun tó ń kà. Jane nìkan ni ọkùnrin yẹn padà wá mú.

Darcy ńkọ́? Ó kọ Elizabeth lójú agbo kan náà, ó ní kò rẹwà tó láti wu òun. Nígbà tó yá, Sir William Lucas, aládùúgbò wọn, ń yin ijó pé àmì ọ̀làjú ni, Darcy fèsì pé àwọn tí ojú wọn ò là pàápàá mọ ijó í jó. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gún mi lára, torí mo mọ irú èèyàn tí àwọn Òyìnbó ìgbà náà ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló tọrọ ijó lọ́wọ́ Elizabeth, ọmọ sì kọ̀ fún un.

Kíkọ̀ yẹn náà nílànà. Nínú Northanger Abbey, ìwé Austen míì, ọ̀dọ́kùnrin kan, Henry Tilney, sọ pé ijó jọ ìgbéyàwó: ọkùnrin ló ń yàn, agbára àtikọ̀ nìkan ni obìnrin ní. Ẹni tó bá sì kọ ọkùnrin kan kò gbọdọ̀ bá òmíràn jó lálẹ́ ọjọ́ náà. Evelina tí Frances Burney kọ ìtàn rẹ̀ ní 1778 kò mọ òfin yìí, ó kọ Lovel, ó bá Lord Orville jó, Lovel sì dójú tì í. Ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ìṣíhùn, ìyẹn kí ọmọbìnrin dá ọkùnrin tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ lóhùn, ojú agbo ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló tilẹ̀ gbọ́ ìṣíhùn rí? Tiwa ti sọ nù lọ́wọ́ wọn, àkékúrú ìwé ni wọ́n sì fi ń ka ti Òyìnbó.

Thomas Hardy, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì míì, náà mọ̀ ọ́n: nínú ìwé rẹ̀ Tess of the d'Urbervilles, ní 1891, Angel Clare bá àwọn ọmọge abúlé jó lórí koríko, kò mú Tess, ọmọge tí ìtàn náà dá lé lórí. Ibẹ̀ ni àánú ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ ẹ̀rí tí ẹnu ò lè jà, lọ ka Emma, ìwé Austen kan náà. Harriet Smith, ọmọ tí kò mọ òbí, jókòó nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó. Elton, àlùfáà ìlú wọn, kọ̀ láti bá a jó ní gbangba. Knightley, ọlọ́lá kan tí kì í sábà jó, dìde, ó mú un lọ́wọ́ lọ sójú agbo. Lẹ́yìn èyí Harriet sọ fún Emma, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé òun ti rí ẹni tí ọkàn òun fẹ́. Emma rò pé Frank Churchill ni, ọ̀dọ́kùnrin tó gba Harriet lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú lójú ọ̀nà. Knightley ni Harriet ń wí. Ẹni tó gbà á lójú ọ̀nà kò tilẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó mú un jó ló ń fojú ọkọ wò.