Mágnẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń pe ẹ̀jẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ní dókítà fẹ́ fi mágnẹ́ẹ̀tì tọ́jú ìsoríkọ́ bàálé yín, èyí tí wọ́n ń pè ní TMS, àbúrò wọn wá ní irin wà nínú ẹ̀jẹ̀, pé mágnẹ́ẹ̀tì á wọ́ gbogbo rẹ̀ jọ sápá kan ọpọlọ. Ẹ̀rù yẹn ba èmi náà rí. Ìgbà 36 ni mo jókòó sórí àga yẹn ní Houston níbí, nígbà tí oògùn mẹ́ta ti kọ̀ tí kò ràn mí.

Irin inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe irin ìṣó. Wáyà róbótó méjì tí wọ́n so pọ̀ bíi 8 ni wọ́n ń gbé léni lórí, á máa dún kọ́kọ́kọ́ bí àkókó tó ń sọ igi. Agbára mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kíá ló ń tàn, kíá ló ń kú. Títàn òun kíkú yẹn ló ń bí iná kékeré sínú ọpọlọ, iná náà á jí àwọn sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń ṣiṣẹ́, ebi á pa á. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí á wá fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ dé. Iṣẹ́ ló pè é.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn sì máa ń pọ̀ ju ohun tí wọ́n béèrè lọ, bí ìyá ìyàwó tó se àpò ìrẹsì kan fún àlejò ogún. Ní 1986, Fox àti Raichle, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, gbọ̀n ìka ọwọ́ àwọn èèyàn, wọ́n sì wo ọpọlọ wọn: ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ fi ìdá 29 nínú 100 lé sí i, ọ́síjìn tí ọpọlọ jẹ ò fi ju ìdá 5 lọ.

Bí mágnẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń yára lu orí tún ṣe pàtàkì. Ní 2000, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà fi lu orí aláìsàn ìsoríkọ́ mẹ́wàá. Ìlù 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan mú ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ lọ sókè, ìlù ẹyọ kan mú un wálẹ̀. Ẹni tí ọ̀kan sì tù lára, èkejì lè dá a padà sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ má fi ti aládùúgbò ṣe tiyín.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tèmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ń fi kiní náà kan orí mi títí àtàǹpàkò mi fi ta kìjí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ agbára tó tó mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbéyàwó kan dé, mo fi àtáṣímẹ́ǹtì di irun ńlá. Àṣé bí wáyà bá ti jìnnà sí agbárí díẹ̀, agbára rẹ̀ ti ń kú. Kì í kúkú wọlé ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lu irun mi, tẹ́nikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ ni òṣìṣẹ́ mìíràn tún ìka mi dán wò. Ìka ò mira. Mo fi òru tú irun, ó kù díẹ̀ kílẹ̀ mọ́ kí n tó parí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn mí, torí gìrì lè mú ẹni tí kò sùn, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Owó epo ọkọ̀ lásán nìyẹn!

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ṣàdédé gbọ́ òórùn irú nínú ẹ̀fọ́ tí mò ń sè. Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti dà bí páálí lẹ́nu mi.

Ẹ ní orí bàálé yín ń dán, irun ò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ti vigil dé orí àga yẹn o. Kí ẹ sì bi wọ́n dáadáa bóyá irin kankan wà nínú orí wọn, ì báà jẹ́ àfọ́kù ọta ìbọn àtijọ́ tàbí ẹ̀rọ inú etí, kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó jókòó.