Nígbà tí ṣíà kò bá jẹ́ kí o sùn

Àbúrò mi, o ní o yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ, o fi ra ṣíà báńkì, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́ báńkì, iye rẹ̀ ń wálẹ̀, oorun kì í sì í kùn ọ́ mọ́. O wá bèèrè pé ṣé kí o tà á ni àbí kí o fara dà á. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti oorun ná, torí ibẹ̀ ni èsì ìbéèrè rẹ wà.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn, nígbà tí ọdún 2008 bá wa. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ló ń wá wa wá sí ìsọ̀, pé ká wá yáwó ra ṣíà, ṣíà náà ni wọn yóò sì fi ṣe ìdúró, ìyẹn ohun tí wọn yóò gbà bí a kò bá rí owó náà san. Ta ni kò yá? Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà tó wà lọ́jà Èkó lé ní 66,000. Kí oṣù kẹta mìíràn tó parí, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000. Tìrẹ tó ń wálẹ̀ yìí, o ṣì lè rí ẹni rà á. Tiwa kò rẹ́ni rà. Ní oṣù kẹjọ 2008 ni àwọn aláṣẹ ọjà ṣíà pàṣẹ pé iye ṣíà kankan kò gbọdọ̀ fi ju 1% lọ sílẹ̀ lójúmọ́. Wọ́n fẹ́ fi dá ọjà dúró ni, àmọ́ inú ọjà ni wọ́n há àwa tó fẹ́ jáde mọ́: ta ni yóò ra ohun tó mọ̀ pé yóò tún dín lọ́la, tí yóò sì tún dín lọ́túnla? Èlé owó báńkì ní tirẹ̀ kò sinmi.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí láràárọ̀, bí ẹni tó jẹ eegun mọ́jú. Mo rò pé eyín ni. Dókítà eyín wò ó, kò rí ihò kankan, ó ní mò ń payín keke lójú oorun. Lẹ́yìn náà ni mo gé yáàdì mẹ́rin fún oníbàárà tó sanwó márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹnu mi ni mo fi ka márùn-ún sí i létí! Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bi mí pé ibo ni kí òun to léèsì sí, mo jágbe mọ́ ọn débi pé ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì dìde wá wò wá. Mo ń jí láago mẹ́ta òru, kò sí ariwo, kò sí àlá, àyà mi á kàn máa lù kìkì. Bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá bi mí nígbà yẹn, màá ní ara mi le. Másùnmáwo kì í wọlé pẹ̀lú ariwo. Irú nǹkan wẹ́wẹ́ báyìí ló fi ń wọlé, a ó sì máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru oòrùn, ru eyín, ru ọmọ ọlọ́mọ.

Tìrẹ, fóònù ni. O ní o máa ń yẹ iye ṣíà wò lóru. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n ti ń ti ọjà ṣíà, kì í sì í ṣí ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Iye tí o fi sùn náà ni yóò wà níbẹ̀ láago kan òru. Ẹni tó ń ṣí i wò nígbà yẹn kò wá iye mọ́, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń wá, kò sì sí níbẹ̀.

Ní ti ọjà fúnra rẹ̀, ó ti gòkè gan-an lóòótọ́. Òṣùwọ̀n yẹn fi ju 45% gòkè ní 2023, ó kọjá 100,000 ní oṣù kìíní 2024, ó sì fi ju 37% parí ọdún náà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó ohun gbogbo tí à ń rà lé ní 34% nígbà tí ọdún náà ń parí. Yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, kí o wo ohun tó kù. Ti báńkì tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oṣù kẹta 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní 500 bílíọ̀nù náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìdókòwò, ó sì fún wọn di ìparí oṣù kẹta 2026. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ta ṣíà tuntun láti kó owó náà jọ. Bí ṣíà bá pọ̀ sí i, èrè tí wọn yóò pín sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ́lẹ́, àfi bí báńkì náà bá rí èrè tó pọ̀ sí i pa. Nítorí náà, ṣíà tó wálẹ̀ kò fi dandan jẹ́ pé báńkì náà ń kú lọ.

Ó lè gbérí. Ṣùgbọ́n ṣíà kì í dá ọjọ́, oṣooṣù sì ni alájẹṣẹ́kù ń gé owó oṣù rẹ. Ohun tó ń jí ọ lóru nìyẹn. Ilẹ̀ tí mo rà sí Mọ́níyà ni mo tà tí mo fi san gbèsè báńkì. Alẹ́ ọjọ́ tí mo san án tán, ṣíà ò tíì gbérí rárá, ó tún ń wálẹ̀ sí i ni, síbẹ̀ mo sùn mọ́jú. Látìgbà náà, owó tí mi ò jẹ lẹ́nìkan nìkan ni mo fi ń ra ṣíà. Mo ṣì ń rà á títí dòní, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí náà, ta ìwọ̀n tó máa san gbèsè náà, kí o fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀sán ni kí o pinnu iye tí o fẹ́ tà á, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ fún alágbàtà rẹ, ẹni tó ń bá ọ ta ṣíà. Má tà á nínú ìpayà òru. Lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ pẹ̀lú, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, dókítà ló kàn. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọ lọ lójú ẹsẹ̀.

O ní ìyàwó rẹ kò tíì gbọ́. Sọ fún un kí o tó pe alágbàtà, torí inú owó oúnjẹ tirẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gé gbèsè yẹn.