Èsì: Ṣé eré ìdárayá nìkan lè tó fún eegun ẹ̀yìn tó wọ́?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ ní scoliosis (eegun ẹ̀yìn tó wọ́) ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 13, ti dé dìgírì 28, dókítà sì ní kó wọ brace (ohun líle tí wọ́n máa ń wọ̀ sára láti di eegun ẹ̀yìn mú), ẹ wá ń bèèrè bóyá eré ìdárayá nìkan lè tó. Lójú tèmi, kò tó. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Ọmọ yín ṣì ń dàgbà, ìgbà tí ọmọ bá sì ń yára ga ni eegun tó wọ́ máa ń wọ́ sí i. Brace kì í sábà mú un tọ́ padà. Ṣe ló ń dá a dúró kó má baà dé nǹkan bíi dìgírì 45 sí 50, níbi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti ń wọlé. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2013 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà rí i pé ìdá 72 nínú 100 àwọn tó wọ brace ni tiwọn kò wọ́ dé dìgírì 50, àmọ́ láàárín àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́ láìwọ brace, ìdá 48 péré ni. Àwọn tó wọ̀ ọ́ ju wákàtí 13 lọ lójúmọ́ ló jèrè jù.

Ẹ fi síngílẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra sí i lábẹ́. Tó bá ń dá egbò sí i lára, ẹ má bọ́ ọ jù sí yàrá o, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ṣe é kó tún un ṣe.

Eré ìdárayá Schroth ti àwọn ará Jámánì, tó wà fún eegun ẹ̀yìn tó wọ́, dáa, àmọ́ kó bá brace rìn ni. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ wí nítorí báàgì ilé ìwé tàbí ìjókòó. Wọn kọ́ ló fà á.

Lọ́jọ́ X-ray tó ń bọ̀, ẹ bèèrè bí egungun rẹ̀ ṣe gbó tó, torí ìyẹn ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó ní kó bọ́ ọ.