Ẹ Bi Wá: Ṣé lóòótọ́ ni bọ́ǹbù átọ́míìkì mẹ́rin já bọ́ láti inú bààlù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní bààlù ológun Amẹ́ríkà méjì ti kọlu ara wọn lókè rí, tí bọ́ǹbù átọ́míìkì mẹ́rin já bọ́ síbi táwọn èèyàn ń gbé, tí abúlé yẹn ò sì pa rẹ́. Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí wọn ò bú? Òǹkàwé yín, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó ṣẹlẹ̀ o. January 17, 1966 ni, ní Palomares, abúlé àwọn tó ń gbin tòmátò létí òkun ní Sípéènì. Ayé ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì ń ṣọ́ ara wọn nìyẹn, Amẹ́ríkà wá ní dandan kí bààlù B-52 tó gbé bọ́ǹbù máa fò tọ̀sán-tòru kí wọ́n má baà ká wọn mọ́lẹ̀, bí irú bààlù bẹ́ẹ̀ bá sì lọ jìnnà, òfurufú níbẹ̀ náà ló ti ń gba epo, bààlù tánkà kan á ṣáájú, á na páìpù sẹ́yìn, B-52 á rọra sún mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 31,000 sókè, B-52 ò rọra. Larry Messinger, ọ̀kan nínú àwọn tó yè nínú B-52, sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn yára díẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí páìpù ò ké sáwọn pé kí àwọn yà, àwọn ò sì rí ewu kankan. Àfi gbàù! Páìpù gún B-52 lẹ́yìn, ìyẹ́ apá òsì ya, iná sọ. Gbogbo àwọn mẹ́rin inú tánkà ló kú, mẹ́ta kú nínú àwọn méje inú B-52, mẹ́rin tó kù fi páráṣúùtì bọ́. Ní abúlé, kò sẹ́ni tó kú.

Ìdí tí bọ́ǹbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú B-52 yẹn ò fi bú bíi ti Hiroshima ní Japan ni pé wọn ò tíì tú wọn sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́, àti pé bọ́ǹbù lásán, ìyẹn ẹ̀tù tí kì í ṣe átọ́míìkì, tó wà nínú wọn gbọ́dọ̀ dún lẹ́ẹ̀kan náà yíká kí ti átọ́míìkì tó lè jí. Mẹ́ta já sórí ilẹ̀. Nínú méjì, bọ́ǹbù lásán yẹn dún nígbà tí wọ́n fi balẹ̀, ó fọ́ wọn túútúú, atẹ́gùn sì fọ́n eruku plutonium, èròjà olóró tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, sórí oko àwọn olóko.

Ìkẹrin wọ òkun. Apẹja kan, Francisco Simó Orts, ti rí i nígbà tí páráṣúùtì gbé e wọ omi, ó sì júwe ibẹ̀ fáwọn ológun Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan, Alvin, ló rí i nínú March, níbi tó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 2,500 lọ, wọ́n so okùn mọ́ ọn, okùn já, ó tún sọnù! April 7 ni wọ́n tó gbé e jáde, ọgọ́rin ọjọ́ gbáko lẹ́yìn tó já bọ́. Àwọn ará ibẹ̀ wá ń pe Simó ní Paco oníbọ́ǹbù.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti March 8. Mínísítà Sípéènì, Manuel Fraga, àti aṣojú Amẹ́ríkà, Angier Biddle Duke, bọ́ sínú òkun, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ níwájú àwọn oníròyìn káyé lè rí i pé kò séwu. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú òkun ni eruku yẹn wà ni? Orí oko ló wà! Amẹ́ríkà kó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,400 iyẹ̀pẹ̀ àti ewéko sínú dúrọ́ọ̀mù lọ sí South Carolina, ṣùgbọ́n wọn ò kó o tán, títí di 2015 tí orílẹ̀-èdè méjèèjì tún jọ fọwọ́ síwèé pé àwọn máa kó ìyókù, ilẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi wáyà ṣọgbà yí ká. Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó fi ṣọ́bìrì kó iyẹ̀pẹ̀ yẹn náà ò rí ìtọ́jú bọ̀rọ̀, 2022 ni òfin orílẹ̀-èdè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún ló kó àìsàn bá wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú kó tó dìgbà yẹn.