Sáfà ẹ̀gbẹ́ títì kọ́ ló ń tẹ bíréèkì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń kọ ètò tí yóò máa pín iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ tó ń wa ara wọn fún sáfà ẹ̀gbẹ́ títì, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbára tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà. Sáfà náà yára ju kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣé ká kúkú kó gbogbo iṣẹ́ síbẹ̀? Ọkọ̀ wo la ó kọ́kọ́ dá lóhùn?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń bi mí ní èyí, ibì kan náà ló sì ti ń wọ́: ẹ wo eré sáfà, ẹ ò wo ọ̀nà tí iṣẹ́ máa gbà débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà rẹ̀ ya àwòrán, ẹ fún un pọ̀ di 500 kìlóbáìtì, ìyẹn mẹ́gábíìtì 4, torí bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń gbé mẹ́gábíìtì 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán yẹn á lo ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà nìkan. Ọkọ̀ ti rin mítà 5 àbọ̀ kí sáfà tó rí i. Ẹ ò tíì ka àsìkò tí iṣẹ́ fi tò sórí ìlà, ẹ ò tíì ka èsì tó ń padà bọ̀. Bí ọmọdé bá já wọ títì, bí sáfà tilẹ̀ ṣe é tán wàrà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Bíréèkì, ìdarí àti rírí ohun tó wà níwájú, inú ọkọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ti sáfà ni iṣẹ́ tó lè dúró díẹ̀: àtúnṣe máàpù, tàbí kíkó ohun tí ọkọ̀ púpọ̀ rí ní oríta pọ̀.

Ẹni tí gbèdéke rẹ̀ sún mọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. EDF (Earliest Deadline First) là ń pe ètò yẹn. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá ti ju agbára sáfà lọ, ọ̀kan á pẹ́, á fa èkejì sẹ́yìn, títí gbogbo wọn á fi kọjá àsìkò. Torí náà, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti yẹ iṣẹ́ wò. Ẹ ro àsìkò ìfiránṣẹ́, ìlà, ìṣirò àti èsì pọ̀. Bó bá ju gbèdéke lọ, ẹ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ ò ní kúrò ní agbègbè tí sáfà lè bá a sọ̀rọ̀ kí èsì tó dé: bí agbègbè náà bá gùn ní 300 mítà, bí ìṣẹ́jú àáyá 11 péré ni ọkọ̀ wa yẹn yóò lò níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ ni iye tí mo lò. Ẹ wọn ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín ní àsìkò tí ọkọ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi èyí tó pẹ́ jù ṣòdiwọ̀n, kì í ṣe ti àárín. Mi ò lè fọwọ́ sí ètò tí mi ò rí. Ẹ má gbé e bọ́ sí títì láìjẹ́ pé ẹ ti dán an wò: kí ẹ yọ sáfà kúrò pátápátá, kí ọkọ̀ sì dúró fúnra rẹ̀ láìkọlu nǹkan kan.