Oògùn tí ń sọ ihò eyín ọmọ di dúdú: ṣé kí n gbà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́rin. Kòkòrò ti jẹ eyín ẹ̀yìn rẹ̀ méjì nísàlẹ̀, ó ti lu, ṣùgbọ́n kì í dùn ún àfi bí ó bá mu omi tútù. Dókítà eyín tí a lọ bá ní òun kò ní gbẹ́ ẹ, nítorí pé ọmọ náà kò jẹ́ kí irin kan òun lẹ́nu. Ó ní oògùn olómi kan wà tí ó ní fàdákà àti fúlóráìdì nínú, tí òun lè fi kùn ún, ṣùgbọ́n ojú ihò náà yóò dúdú. Ìyá ọkọ mi ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé eyín àkọ́hù ni, yóò ká. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá Ọmọ, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Ìyá ọkọ yín kò parọ́ pé eyín àkọ́hù yóò ká. Ìgbà tí yóò ká ni wọn kò sọ. Eyín iwájú ni ó máa ń kọ́kọ́ mì, nígbà tí ọmọ bá tó ọdún 6 tàbí 7, ṣùgbọ́n àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ sábà máa ń wà lẹ́nu ọmọ títí di ọdún 10 sí 12. Ọmọ yín ṣì máa fi eyín wọ̀nyí jẹun fún bí ọdún mẹ́fà sí i, ihò tí a kò bá sì tọ́jú lè máa jìn sí i títí yóò fi kan iṣan inú eyín, tí ọmọ kò ní í lè sùn lóru, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò sì wú. Bí wọ́n bá wá yọ ọ́ láìtọ́jọ́, àwọn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè sún sí àyè rẹ̀, kí eyín àgbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ má sì rí ọ̀nà tó tọ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ eyín iwájú tó ti ń mì ni, ti ìyá ọkọ yín ni n bá gbè sí.

Silver diamine fluoride ni orúkọ oògùn náà. Kì í ṣe ohun tuntun: orílẹ̀-èdè Japan ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi í kún àkójọ àwọn oògùn kò-ṣeé-má-nìí ní 2021. Fàdákà inú rẹ̀ ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ṣúgà di ásíìdì tó ń jẹ eyín, fúlóráìdì sì ń mú kí ibi tó ti rọ̀ tún le. Ìwádìí lórí eyín àkọ́hù fi hàn pé èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń dá jíjẹrà dúró nínú nǹkan bí eyín 8 nínú 10, kíkùn ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún sì sàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí gbígbẹ́. Wọn yóò fi òwú nu ojú eyín náà gbẹ, wọn yóò fi fasilíìnì pa ètè àti ẹran ìdí eyín, wọn yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì tíntín kùn oògùn náà sí ojú ihò fún bí ìṣẹ́jú kan. Ọmọ lè fajú ro nítorí pé ìtọ́wò rẹ̀ máa ń dà bí ti irin. Bí ó bá ta sí awọ ara, àbàwọ́n rẹ̀ yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ó bá ta sí aṣọ, kò lọ mọ́, nítorí náà ẹ má wọ aṣọ àríyá fún un lọ síbẹ̀.

Ní ti dúdú yẹn, ibi tó ti jẹrà nìkan ni yóò dúdú, kò ní í tàn dé ibi tó dá ṣáká, kò sì ní í kan eyín àgbà tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n dúdú náà kò ní í lọ títí eyín náà yóò fi ká, àfi bí dókítà bá fi ohun funfun dí i lórí lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ bá ti lè jókòó jẹ́ẹ́. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹnu ni, tí ẹni tó bá rí i ti ní láti wá a, èmi kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti eyín iwájú yàtọ̀. Láàárín àwa tí a ń sọ ọmọ ní Eyínfúnjowó, kí bàbá àti ìyá jọ fẹnu kò kí wọ́n tó gbà á.

Oògùn yìí kò yẹ eyín tó ń dá dun ọmọ lóru, tàbí èyí tí ìdí rẹ̀ ti wú tó sì ń ṣọyún, nítorí pé àrùn ti wọ iṣan nìyẹn. Bí egbò bá wà lẹ́nu ọmọ, tàbí bí fàdákà kò bá bá a lára mu, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ ti dókítà mìíràn, àwọn tó mọ̀ nípa eyín ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níhìn-ín.

Ihò náà yóò ṣì wà níbẹ̀, oúnjẹ yóò sì máa há sí i. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa fọ eyín náà fún un láàárọ̀ àti kí ó tó sùn, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré lọ. Lẹ́yìn ti alẹ́, omi lásán ni kí ó mu. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n bá ti kùn ún, ẹ mú un padà kí dókítà fọwọ́ kàn án wò. Bí ibẹ̀ bá ti dúdú tó sì le, ó ti dúró nìyẹn. Bí ó bá ṣì rọ̀, wọn yóò tún un kùn.