Abo Ajá Tó Ń Kó Akọ Jọ Sẹ́nu Géètì: Ṣé Ká Yọ Ilé Ọmọ Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù 16 ni abo ajá mi, ajá ilé wa tó dà pọ̀ mọ́ Alsatian. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló parí wíwá akọ lẹ́ẹ̀kejì. Akọ mẹ́rin ló ń jà lẹ́nu géètì wa. A tì í mọ́lé, àmọ́ mi ò lè búra. Mo fẹ́ kí dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ní kó bímọ lẹ́ẹ̀kan ná, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ya ọ̀lẹ, kò ní í ṣọ́lé mọ́. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe báyìí. Nígbà tí ajá bá ń wá akọ, àti fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ilé ọmọ máa ń wú, ó sì máa ń tètè ya lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ dúró fún oṣù 2 sí 3. Bí ọ̀kan nínú àwọn akọ náà bá ti rí i mú, ẹ ó ti mọ̀ kó tó dìgbà yẹn, torí oyún ajá kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ.

Ẹ bá wa kí Màmá, ṣùgbọ́n bíbímọ lẹ́ẹ̀kan kò ṣe ajá láǹfààní kankan. Ká ní wọ́n yọ ọ́ kó tó wá akọ rárá ni, jẹjẹrẹ ọmú ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mú un. Ní báyìí tó ti wá akọ lẹ́ẹ̀mejì, ààbò yẹn ti dín kù púpọ̀. Èyí tó kù, tó sì ń bà wá lẹ́rù jù, ni ọyún inú ilé ọmọ. Ọyún la wí o, kì í ṣe oyún. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 lẹ́yìn wíwá akọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lára ajá tó ti dàgbà: á máa mu omi láìdáwọ́dúró, kò ní í jẹun, á máa bì, ikùn á wú. Òmíràn á máa da ohun tó ń rùn lójú ara. Èyí tí ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ bá pa dé ló burú jù, torí ọyún kò rọ́nà jáde. Abẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń gún fún ajá kó má baà wá akọ wà lára ohun tó ń fa àrùn yìí. Ẹ má gbà á.

Kì í ṣe ilé ọmọ ni ajá fi ń ṣọ́lé. Ọ̀rá ló ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ṣíbí ńlá 8 ló ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ dín in sí 6. Àwọn ajá ńlá kan máa ń tọ̀ sára lójú oorun lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn. Oògùn wà fún un.

Eégbọn pọ̀ ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, àrùn tó ń gbé kiri sì ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ajá láìjẹ́ kó hàn lójú. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò: kí èrìgì pọ́n bí inú gúáfà. Bó bá funfun, ẹ dá iṣẹ́ abẹ dúró. Ẹ ní kí dókítà yẹ PCV rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára rẹ̀) wò, 37 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló dáa, kó sì wo ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì pẹ̀lú. Bí ẹ ò bá rí dókítà ẹran tó nímọ̀ nítòsí, ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Abẹ́òkúta.

Kó má jẹun fún wákàtí 8 sí 12 ṣáájú. Omi lè wà níwájú rẹ̀ di òwúrọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má jẹ́ kó lá ojú rírán náà, ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ títí dọjọ́ 10 sí 14 tí wọ́n á tú òwú rẹ̀. Bí èrìgì bá funfun lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ikùn ń wú, tí kò lè dìde, ẹ gbé e padà lóru yẹn náà: ó ṣeé ṣe kí òwú tí wọ́n fi di iṣan ilé ẹyin ti yọ.

Ẹ ní kí dókítà fi ohun tó yọ hàn yín. Ilé ọmọ ajá rí bíi pàlàkà igi, ẹ̀ka méjì, ilé ẹyin kékeré bí erèé á wà lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá á bò ó. Ẹ ka méjèèjì. Bí díẹ̀ lára ilé ẹyin bá ṣẹ́ kù nínú, ajá náà á tún padà máa wá akọ.